Bí ìjíròrò ṣe lè wúlò nínú ìwádìí ńlá lórí ìtọ́jú àìsàn ìgbàgbé nílé: ìtọ́sọ́nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ọ̀pọ̀ ìwádìí ńlá lórí ìtọ́jú àwọn àgbà tó ní àìsàn ìgbàgbé (dementia) ló máa ń ní ìlà kan nínú ètò wọn pé: "A ó tún fọ̀rọ̀ wá àwọn olùtọ́jú lẹ́nu wò." Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Wọ́n á ti gba nọ́ńbà láti ilé dé ilé fún ọdún kan tàbí méjì, owó á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, wọ́n á wá rán akẹ́kọ̀ọ́ kan kó lọ bá èèyàn díẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìwé bá jáde, ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn náà á ti di gbólóhùn méjì tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ sẹ́yìn tábìlì. Kò yí èsì kankan padà. Obìnrin tó fi màmá sílẹ̀ ní yàrá fún wákàtí kan láti bá yín sọ̀rọ̀ kò sì rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀.

Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ìwádìí, tàbí ọ̀gá iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, tó wà nínú ìwádìí tó kan ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo tàbí ìlú mìíràn nílẹ̀ Yorùbá. Apá tó ń lo ìwé ìbéèrè àti ìṣirò ni mo pè ní apá nọ́ńbà. Èyí tó ń tẹ́tí sí àlàyé àwọn èèyàn, tó sì ń wo bí wọ́n ṣe ń gbé, ni apá ìjíròrò. Apá ìjíròrò gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, kó sì bá nọ́ńbà pàdé kí iṣẹ́ tó parí. Bí kò bá ní rí bẹ́ẹ̀, ẹ má yọ ìdílé lẹ́nu.

Ohun tí ẹ nílò

- Ẹni kan tó mọ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò dáadáa, tó sì ń jókòó nínú ìpàdé àwọn tó ń darí gbogbo iṣẹ́ náà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ohun tó bá gbọ́ kò ní dé ibi tí wọ́n ti ń pinnu.
- Ó kéré tán, afọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò méjì tó gbọ́ ẹ̀ka èdè àdúgbò. Yorùbá inú ìwé nìkan kò tó fún ìyá àgbà Ìjẹ̀bú tàbí Oǹdó, nítorí pé ẹni tó ní àìsàn yìí sábà máa ń padà sí èdè tó fi dàgbà.
- Nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan náà fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní apá méjèèjì. Ohun kékeré ni, àmọ́ òun ni gbogbo ìgbésẹ̀ keje rọ̀ mọ́.
- Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ méjì, pẹ̀lú bátìrì tí kò gbára lé iná ìjọba.
- Ìwé pélébé tó sọ ibi tí ìdílé lè lọ fún ìrànlọ́wọ́, irú bíi Chief Tony Anenih Geriatric Centre, ibi ìtọ́jú àwọn àgbà ní ilé ìwòsàn UCH, fún àwọn ará Ìbàdàn. Ẹ pe ibẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ mọ ọjọ́ tí wọ́n ń gba aláìsàn.
- Owó ọkọ̀ àti àkókò olùtọ́jú, tí wọ́n ti kọ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá iṣẹ́ tí nọ́ńbà kò lè ṣe

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "a fẹ́ mọ ìrírí àwọn olùtọ́jú." Ó gbòòrò jù, kò sì ní ibi tó máa dé sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà kan tó ń kọ yín lóminú.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé ìbéèrè Zarit tí ọ̀pọ̀ ń lò láti fi wọn ìnira olùtọ́jú. Ìbéèrè 22 ló wà nínú rẹ̀, máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti òdo dé 4, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 88. Ẹ gbé e síwájú obìnrin kan ní Bẹẹrẹ, n'Íbàdàn, tó ń tọ́jú ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹ bi í bóyá ìwà màmá ń tì í lójú, bóyá inú máa ń bí i tó bá wà lọ́dọ̀ wọn. Á ní rárá, ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Èwo nínú wa ló máa sọ fún àlejò tó mú bírò dání pé ìyá ọkọ òun ń bí òun nínú? Máàkì rẹ̀ á kéré, ká ní 14 nínú 88, kọ̀ǹpútà á sì sọ pé ara tu obìnrin yìí.

Ẹ jókòó tì í báyìí, kí ẹ ní: "Ẹ sọ bí àná ṣe lọ fún mi, láti ìgbà tí ẹ jí." Ẹ ó gbọ́ pé ó ti pa ìsọ̀ rẹ̀ tì. Ẹ ó gbọ́ pé ó máa ń so kọ́kọ́rọ́ géètì mọ́ etí ìró rẹ̀ kó tó sùn, torí pé màmá máa ń dìde lóru, wọ́n á di gèlè, wọ́n á ní àwọn ń lọ sílé, ilé bàbá wọn tí wọ́n ti wó tipẹ́. Ìnira wà níbẹ̀. Ìwé ìbéèrè ni kò rí i, torí pé ohun tó ń béèrè ni ohun tí ọmọlúàbí kì í sọ síta.

Ibòmíràn tí nọ́ńbà ti sábà máa ń ṣìnà ni ìlà "olùtọ́jú àgbà náà." Fọ́ọ̀mù fẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Ìdílé á dárúkọ dáwódù tó wà l'Ékòó tàbí ní London, torí òun ló ń fowó ránṣẹ́. Ọmọ-ọmọ tó wà ní SS2 ló ń wẹ̀ fún màmá láràárọ̀ kó tó lọ sílé ìwé, kò sì sí orúkọ rẹ̀ níbì kankan. Tí wọ́n bá wá ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún "àwọn olùtọ́jú," ta ni wọ́n máa pè?

Nítorí náà, ẹ kọ ìbéèrè yín báyìí: "Kí ló fà á tí nọ́ńbà báyìí fi rí báyìí láàárín àwọn ènìyàn báyìí, kí ló sì máa yí padà nínú iṣẹ́ wa tí a bá mọ̀ ọ́n?"

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi ìbéèrè náà han oníṣirò inú iṣẹ́ yín. Tó bá ní òun lè fi dátà tó wà nílẹ̀ dáhùn rẹ̀, ẹ wá òmíràn. Tó bá ní, "Ìyẹn á ràn mí lọ́wọ́ láti mọ bí máa ṣe ka tábìlì kẹta," ẹ tẹ̀síwájú.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yan àkókò, kí ẹ sì da owó sí i

Ìjíròrò lè wáyé ṣáájú, láti mọ̀ bóyá ìwé ìbéèrè àti ètò ìtọ́jú bá ilé àwọn èèyàn mu. Ó lè wáyé nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí òṣìṣẹ́ ìlera bá dé ilé. Ó sì lè wáyé lẹ́yìn, láti ṣàlàyé èsì. Tí owó yín kò bá tó fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi á ní kí ẹ mú ti ṣáájú. Àṣìṣe tí ẹ bá rí nígbà náà ṣì ṣeé tún ṣe.

Bó bá jẹ́ pé ètò ìtọ́jú kan ni ìwádìí ńlá náà ń dán wò, ẹ gbìyànjú láti parí ìtúpalẹ̀ ìjíròrò ti àárín iṣẹ́ kí ẹ tó mọ̀ bóyá ètò náà ṣiṣẹ́. Ìtọ́sọ́nà tí Medical Research Council ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe agbátẹrù rẹ̀ ní 2015 gbà wá nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti mọ̀ pé ètò kò ṣiṣẹ́ á máa gbọ́ ẹ̀sùn nínú gbogbo ọ̀rọ̀ olùtọ́jú.

Ní ti owó: wákàtí kan ohùn lè gba odidi ọjọ́ iṣẹ́ kan kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá ń fi àmì ohùn sí i bó ṣe yẹ. Ibí ni àwọn ọ̀gá ti máa ń gé owó.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ṣí bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ṣé ìlà wà fún kíkọ ohùn sílẹ̀, fún ìtumọ̀, àti fún àbọ̀ tí ẹ ó padà lọ jẹ́ fún àwọn ìdílé? Tí ọ̀kan bá sọnù, ẹ dín iye èèyàn tí ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀ kù, ẹ má dín iṣẹ́ kù.

Ìgbésẹ̀ 3: Ìyọ̀ǹda

Ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ènìyàn nínú ìwádìí, kí àṣẹ náà sì dárúkọ ìjíròrò àti gbígba ohùn sílẹ̀. Àṣẹ tí wọ́n fún ìwé ìbéèrè kò kó èyí mọ́ra. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ dátà tó gba ìṣọ́ra àkànṣe, nítorí náà ẹ má fi ohùn ènìyàn ránṣẹ́ sórí WhatsApp.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé baálé ilé á ní "ẹ wọlé, ẹ wọlé," àwọn afọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò á sì gbà pé gbogbo ilé ti gbà. Baálé ilé ló ṣí ilẹ̀kùn; kò lè gbà fún ìyàwó ọmọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ náà fúnra rẹ̀, ní òun nìkan, kí ẹ sì sọ fún un pé bó bá kọ̀, ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọbìnrin tí wọ́n gbà síṣẹ́ ilé láti tọ́jú bàbá nílò èyí jù, torí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ewu tó bá sọ òótọ́. Tí kò bá tíì pé 18, ẹ bi ìgbìmọ̀ yín kí ẹ tó bá a sọ̀rọ̀ rárá.

Àgbà tó ní àìsàn náà ńkọ́? Ẹ má fò ó. Àìsàn ìgbàgbé kò sọ pé ènìyàn kò lè sọ ohun tó dùn ún. Ẹ ṣàlàyé ní gbólóhùn kúkúrú, kí ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ara wọn sọ ohun tí ẹ wá ṣe. Bí wọn kò bá lè sọ ọ́ padà, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹbí tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí, kí ẹ ṣì béèrè bóyá àwọn fúnra wọn fẹ́. Ẹ tún un béèrè nígbàkigbà tí ẹ bá wá. Tí màmá bá yíjú sí ògiri, tí wọ́n bá ń fa aṣọ, tí wọ́n bá ní "ẹ máa lọ, ẹ kú iṣẹ́," ìdáhùn nìyẹn. Ẹ dìde.

Kí ẹ tó jáde lọ sílé ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ohun tí ẹ ó ṣe sílẹ̀ tí ẹ bá rí i pé wọ́n so àgbà mọ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí pé wọ́n ń nà án. Ta lẹ máa pè lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Ẹ sọ fún olùtọ́jú ṣáájú pé àṣírí ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ àfi èyí tó bá fi ẹ̀mí sínú ewu.

*Àyẹ̀wò:* Afọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kọ̀ọ̀kan lè ka nọ́ńbà fóònù ẹni tó máa pè láìwo ìwé.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ fi nọ́ńbà yan ẹni tí ẹ ó bá sọ̀rọ̀

Èrè tó wà nínú ìwádìí ńlá nìyí: ẹ ti mọ àwọn ìdílé kí ẹ tó yàn. Ẹ yan nínú àwọn tí máàkì ìnira wọn ga, nínú àwọn tó kéré lọ́nà tó yani lẹ́nu, àti nínú àwọn tó fi ìwádìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Àwọn tó fi í sílẹ̀ ṣòro láti rí, ṣùgbọ́n ẹ wá wọn, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìtọ́jú ló gba gbogbo ọjọ́ wọn. Ẹ wá ọkọ tó ń tọ́jú ìyàwó rẹ̀ náà. Ẹ má yan ẹni tó bá rọrùn láti fi fóònù pè.

Iye mélòó? Ìwádìí kan tó jáde ní 2006, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ 60 obìnrin ní Gánà àti Nàìjíríà ṣe, rí i pé púpọ̀ jù lọ nínú kókó ọ̀rọ̀ ti jáde nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò 12 àkọ́kọ́. Gbogbo ènìyàn wá sọ 12 di òfin. Àwọn obìnrin yẹn jọra, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì bi wọ́n. Tí ẹ bá ní ọmọ, ìyàwó ọmọ, ọkọ àti òṣìṣẹ́ ilé, 12 kò lè tó. Ẹ dúró nígbà tí ìdílé tuntun kò bá mú ohun tuntun wá sórí ìbéèrè tí ẹ kọ ní ìgbésẹ̀ 1.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ kọ ìbéèrè yín ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀

Tí ẹ bá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀, ó máa ń dún bí ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́pàá. Ìbéèrè ńlá mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àgbà náà: "Irú ènìyàn wo ni màmá kí èyí tó bẹ̀rẹ̀?" Ojú olùtọ́jú á là, á sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ wá bi í nípa àná, nípa òru, nípa owó, nípa ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́ àti ẹni tó yẹ kó ràn án lọ́wọ́ tí kò wá.

Orúkọ tí ìdílé bá pe ohun tó ń ṣe màmá ni kí ẹ lò. Bí wọ́n bá ní wọ́n ń ṣarán, ẹ gbé e bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní ọwọ́ ayé ni, ẹ má jiyàn, ẹ má sì gbà; ẹ bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti gbé màmá lọ, ta ló sì sọ ohun tí wọ́n ṣe. Ẹ ó wá mọ ìdí tí wọ́n fi lo oṣù mẹ́ta ní orí òkè àdúrà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, èyí tí fọ́ọ̀mù kàn kọ pé "ìdádúró."

Ẹ ṣọ́ra fún ìbéèrè nípa iṣẹ́ ilé. Ní Ìdíkàn, n'Íbàdàn, níbi tí àwọn olùwádìí Ìbàdàn àti ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pọ̀ ní 1992, irinṣẹ́ àyẹ̀wò wọn ní apá tí wọ́n ti ń bi ẹbí léèrè nípa ìgbé ayé àgbà náà, ní àfikún sí ìdánwò tí wọ́n fún àgbà fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tó dára ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi ìdílé pé, "Ṣé màmá ṣì ń se oúnjẹ?" tí wọ́n ní rárá, ó lè jẹ́ pé àwọn ìyàwó ilé ti gba ọbẹ̀ lọ́wọ́ wọn láti ọdún pípẹ́, tí orí màmá sì pé. Ẹ fi kún un pé: "Ìgbà wo ni wọ́n fi sílẹ̀, kí ló sì fà á?"

*Àyẹ̀wò:* Ẹ bi olùtọ́jú méjì tí kò sí nínú ìwádìí ní àwọn ìbéèrè náà. Bí ìdáhùn bá ń jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá," ẹ tún un kọ.

Ìgbésẹ̀ 6: Nílé wọn

Ẹni tó gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ìdílé kọ́ ló yẹ kó ṣe ìjíròrò, bó bá ṣeé ṣe. Olùtọ́jú á máa gbìyànjú láti bá ìdáhùn tó fún un tẹ́lẹ̀ mu.

Ẹ kí wọn dáadáa: ẹ kú ìtọ́jú màmá, ẹ kú làálàá. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún àgbà tó ní àìsàn náà, bí wọn ò tilẹ̀ dá yín mọ̀. Gbogbo ilé ń wò yín, ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ̀ bóyá ẹ ka ènìyàn wọn sí ènìyàn. Ẹ má bi olùtọ́jú ní ìbéèrè nípa màmá lójú màmá. Bí yàrá kò bá sí, ẹ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí olùtọ́jú ti lè máa wo ẹnu ọ̀nà, kí ẹnìkejì yín bá màmá ṣeré níwájú ilé. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí afọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé méjì.

Tí ẹ bá fẹ́ bá àgbà náà sọ̀rọ̀, ẹ lọ ní àárọ̀, kò gbọdọ̀ pẹ́. Ẹ má bi wọ́n léèrè ọjọ́ tàbí oṣù. Ìdánwò ti ṣe ìyẹn. Ẹ bi wọ́n nípa ohun tó wà níwájú wọn: aṣọ, fọ́tò, oúnjẹ. Màmá kan lè máà mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ tó jókòó tì í, kó sì sọ fún yín pé, "Eléyìí kì í pariwo mọ́ mi." Ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ìròyìn ìtọ́jú ni, kò sì sí ìwọ̀n kankan nínú fọ́ọ̀mù tó lè gbà á.

Tí olùtọ́jú bá ń sunkún, ẹ pa ẹ̀rọ. Ẹ dúró. Òun ló máa sọ bóyá ẹ máa tẹ̀síwájú. Ẹ má ṣèlérí oògùn tàbí owó tí kò sí lọ́wọ́ yín.

*Àyẹ̀wò:* Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ kọ ojú ewé kan: ohun tí ẹ rí (géètì, kọ́kọ́rọ́, ibi tí màmá ń sùn), ẹni tó wà níbẹ̀, ohun tí wọn kò fẹ́ sọ. Tí ẹ kò bá rí nǹkan kọ ju ohun tó wà nínú ẹ̀rọ lọ, ẹ ò tíì ń wo ilé.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìtúpalẹ̀, àti ìpàdé pẹ̀lú nọ́ńbà

Ẹ kọ ohùn sílẹ̀ ní Yorùbá, ẹ ṣe ìtúpalẹ̀ ní Yorùbá. Gbólóhùn tí ẹ máa tẹ̀ jáde nìkan ni kí ẹ túmọ̀. Ẹ̀yin tó ń túmọ̀ gbogbo rẹ̀ ṣáájú, torí pé ọ̀gá yín òkè òkun kò gbọ́ Yorùbá, ẹ bẹ ọ̀gá kó ka àkópọ̀ gígùn fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ó dín owó kù, kò sì pa òwe àti ẹ̀dùn tó wà nínú ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya tábìlì ńlá kan. Ìlà kan fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Òpó kan fún kókó kọ̀ọ̀kan: òru, owó, ẹni tó ń wẹ̀ fún wọn, ohun tí wọ́n pe àìsàn náà, ọ̀nà tí wọ́n gbà wá ìwòsàn. Ọ̀nà tí àwọn olùwádìí méjì, Ritchie àti Spencer, ṣàlàyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1994 nìyí, ó sì rọrùn fún ẹgbẹ́ tí kì í ṣe gbogbo wọn ló mọ iṣẹ́ ìjíròrò. Ẹ wá fi òpó nọ́ńbà kún un: máàkì Zarit, ìpele àìsàn, iye ìgbà tí wọ́n wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan náà ló máa jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe.

Ẹ pe oníṣirò, ẹ jókòó papọ̀, ẹ ka ìlà kọ̀ọ̀kan. Níbi tí nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ ti fẹnu kò, ẹ kọ ọ́. Níbi tí ọ̀kan ti dákẹ́, ẹ kọ ìyẹn. Níbi tí wọ́n ti ta ko ara wọn, ẹ dúró pẹ́. Máàkì 14, kọ́kọ́rọ́ géètì ní etí ìró: kí ni ẹ ó ṣe sí i? Ọ̀pọ̀ á fẹ́ kí èyí tó gbajúmọ̀ borí. Ẹ má jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bóyá àwọn ìyàwó ọmọ lápapọ̀ ní máàkì tó kéré ju ti àwọn ọmọ bíbí lọ nínú gbogbo dátà. Ìjíròrò ló mú ìbéèrè yẹn wá, àwọn ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdílé tó kù ló máa dá a lóhùn.

*Àyẹ̀wò:* Ṣé ìṣirò kan wà tí oníṣirò ṣe tí kì bá má ṣe, ká ní kò jókòó síbẹ̀? Tí kò bá sí, ìpàdé náà kò tíì ṣẹlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Àbọ̀

Ẹ yọ ohun tó lè tú àṣírí. Kì í ṣe orúkọ nìkan: "ìyàwó kejì alága àdúgbò" ti tó fún gbogbo Mọ́kọ́lá láti mọ ẹni náà. COREQ, àkójọ ìtọ́sọ́nà tó jáde ní 2007, ní ohun 32 tí ìròyìn irú ìwádìí yìí yẹ kó sọ. Ẹ lò ó kí ẹ má bàa gbàgbé láti sọ ẹni tó bi ìbéèrè àti bó ṣe mọ àwọn tó bi.

Ẹ má ya ìwé ìjíròrò sọ́tọ̀ kó jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́ta nínú jọ́nà mìíràn. Àlàyé ìyàwó ọmọ yẹn gbọ́dọ̀ wà lójú ewé kan náà tí máàkì 14 wà.

Kí ẹ tó padà sọ́dọ̀ ìdílé, ẹ pè ṣáájú. Àgbà náà lè ti lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ kí wọn kú ará fẹ́raákù, kí ẹ fi àbọ̀ ìwádìí sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Tí wọ́n bá ṣì wà, ẹ sọ ohun tí ẹ rí ní Yorùbá, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ bi olùtọ́jú pé: "Èwo ni a kò gbọ́ dáadáa?" Ìdáhùn rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wọ inú tábìlì kí ìwé tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé.